Asẹ́ Omi Òkun Nínú Pálọ̀ Màámi

Sátidé, 6 oṣù kẹsàn-án 2025

Màámi ti gbà. Mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó yí ohùn padà.

Láti oṣù kẹta tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàámi ni wọ́n ti kọjú sí ògiri. Apá ọ̀tún kò gbéra, ahọ́n wúwo, ṣùgbọ́n dókítà ní ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti máa jáde díẹ̀díẹ̀ báyìí tí wọ́n bá gbìyànjú. Wọn kì í gbìyànjú. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ lọ́sibítù á gbé àwòrán ife sókè, á gbé àwòrán bàtà sókè, Bàámi á sì dijú. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe ẹnjiníà lórí ọkọ̀ kékeré tó máa ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté Àpápá. Èmi gan-an, tí wọ́n bá gbé bàtà sókè sí mi bẹ́ẹ̀, màá dijú.

Ohun tí mo rò ni pé tí wọn ò bá lè lọ bá òkun mọ́, kí òkun wá bá wọn nílé. Táǹkì dígí, omi iyọ̀, ẹja òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn gan-an. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń bẹ Màámi.

Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà nígbà tí wọ́n dá mi lóhùn lónìí.

"Ẹja ò burú. Ẹ̀rọ ni mi ò fẹ́. Mo rí irú ẹ̀ nílé oúnjẹ kan ní Sùúrùlérè. Wáyà níbí, páìpù lọ́hùn-ún, ó ń dún bí ẹni tí inú ń run."

"Màá fi gbogbo ẹ̀ pamọ́, Màámi."

"Mi ò gbọdọ̀ rí i. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ọ̀dọ̀ mi ni ẹgbẹ́ àsàlátù máa jókòó sí. Tí ẹnì kan nínú wọn bá bi mí pé kí ló ń dún, ọjọ́ yẹn náà ni táǹkì ẹ máa kúrò nílé yìí, Jameelah."

Mo ní ó dáa. Mo wọn ògiri láàárín fèrèsé àti àga Bàámi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bàámi ò bi mí ohun tí mò ń wọ̀n.

Tọ́sìdé, 11

Mi ò ní kíláàsì lẹ́yìn aago méjì, mo bá gba Ìlúpéjú lọ sọ́dọ̀ Purity tó ń ta ẹja òkun. Ọmọ Sápẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iná aláwọ̀ búlúù, òórùn òkun, ilẹ̀ tútù.

Mo ní kí ó fi ẹja hàn mí. Ó ní rárá.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Kì í ṣe ẹja lẹ wá rà. Asẹ́ lẹ wá rà. Ẹja kàn máa ń gbé inú omi tí asẹ́ bá tún ṣe ni."

Oríṣi mẹ́ta ló gbé síwájú mi. Àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ etí táǹkì. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló máa rí i, omi rẹ̀ sì ń dà bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì. Mo rí ojú Màámi nínú rẹ̀, mo kọjá. Èkejì, asẹ́ alágolo. Ó dákẹ́ bí ológbò, ó kéré, ó máa wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù láìsí wàhálà. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì tí Purity fi bi mí pé:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mushin, báwo ni iná yín?"

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀."

"Àwọn kòkòrò tíntìntín kan ló ń jẹ ìdọ̀tí inú asẹ́, ojú ò rí wọn. Inú agolo yẹn dé pa. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n á kú síbẹ̀. Tí iná bá dé, omi òkú wọn ló máa tú sórí ẹja yín."

Ẹ̀kẹta ni táǹkì kejì tó máa wà nísàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Omi á máa ti òkè ṣàn sínú rẹ̀, á kọjá lára fóòmù, á kọjá lára òkúta òkun, á kọjá lára ẹ̀rọ gíga kan tó máa ń họ ìfófòó ìdọ̀tí kúrò, pọ́ǹpù á sì gbé e gòkè padà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń kàn án, ó lè fara da iná tó bá lọ.

"Ṣé kì í pariwo?"

"Ó ń pariwo. Ṣùgbọ́n ariwo ní oògùn. Ẹja tó kú ò ní."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó ìlọ́po méjì alágolo. Mo padà sílé, mo ro ó títí. Táǹkì kejì ni.

Sátidé, 13

Òjò láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún káfíńtà wá láti Òdì-Olówó pẹ̀lú ọ̀rá lórí. Àwọn ló kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí mi sí, wọn kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Wọ́n fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ pálọ̀ káàkiri. "Omi náà á pọ̀ tó mélòó?"

"Igba lítà lókè, nǹkan bí ọgọ́rin nísàlẹ̀."

"Jameelah, àgbàlagbà mẹ́rin ló fẹ́ jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, wọn ò sì ní dìde mọ́."

Irin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Mo ní iyọ̀ máa jẹ ẹ́. A fẹnu kò sí pákó máríìnì tí omi kì í tètè bà jẹ́, kí wọ́n kun ún lẹ́ẹ̀mẹta nínú àti lóde. Wọ́n tún fẹ́ dé gbogbo rẹ̀ pa kí ariwo má jáde. Mo ṣàlàyé pé ooru omi gbọ́dọ̀ rí ibi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó á wú, ẹ̀rọ á gbóná. Wọ́n ronú, wọ́n ní àwọn máa lu ihò sí ẹ̀yìn, ní apá ògiri, àwọn á sì fi fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe inú àpótí gbohùngbohùn tẹ́ ìyókù.

"Màámi ẹ fẹ́ mọ́tò tí ò ní ẹ́ńjìnnì," wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń lọ.

Gbogbo ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀, ojú Bàámi wà ní dídì.

Wẹ́sìdé, 24

Kọ́bọ́ọ̀dù dé. Ó rẹwà débi pé Màámi fi etí aṣọ wọn nù ún kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń họ ìfófòó kò wọlé. Ìka méjì ló fi ga jù.

Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún wọn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo ìwé tí mo fún wọn, wọ́n wọn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo wọn ẹ̀rọ náà láìgbé ife orí rẹ̀ lé e. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n gbé ayùn, wọ́n rẹ́ pákó tó dábùú inú rẹ̀, wọ́n fi òpó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbé ẹ̀gbẹ́ ró dípò rẹ̀. Ó wọlé. Wọn ò gba nǹkan kan kún owó iṣẹ́, àfi ife tíì kan.

Sátidé, 27

Àná ni mo po iyọ̀ mọ́ omi nínú àgbá mẹ́ta lẹ́yìnkùlé. Lónìí mo wọ̀n ọ́, ó pé gíráàmù márùn-úndínlógójì nínú lítà kan, iye tí wọ́n ní ti òkun jẹ́. Láago mẹ́wàá a bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa gbé e wọlé. Láago kan táǹkì kún. Òkúta òkun tí mo gbà lọ́wọ́ Purity jókòó sáàárín rẹ̀ bí òkè kékeré.

Mo tan pọ́ǹpù. Omi gòkè, omi sọ̀kalẹ̀.

Mo fi ìka kan omi náà, mo fi kan ètè Bàámi. Wọ́n lá a. Wọ́n wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tún dijú.

Kò sí ẹja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Omi gbọ́dọ̀ gbó ná, kí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí lè pọ̀ tó nínú asẹ́.

Mọ́ńdè, 29

Ọjọ́ burúkú.

Iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Èmi wà nílé ìwé, Màámi wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí pọ́ǹpù dúró, páìpù tó yẹ kó máa gbé omi gòkè bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi òkè wálẹ̀. Táǹkì ìsàlẹ̀ kún, ó kún àkúnya, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù jáde.

Ìpè Màámi wọlé nígbà tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ásíìdì àti iyọ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Jameelah, òkun ẹ ti dé ibi tí mo ti ń kírun."

Wọn ò pariwo rárá. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti fún kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti sá a sórí ògiri ọgbà. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ Bàámi lé àpótí kí omi má baà kàn án. Mo kúnlẹ̀, mo ń nu ilẹ̀, mo ń sunkún. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Túsìdé, 30

Purity lórí fóònù: "Ẹ lu ihò kékeré kan sára páìpù tó ń gbé omi gòkè, ìka kan péré sí abẹ́ ojú omi. Tí omi bá ti fà dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ìfà náà á já. Àǹtí, èmi ni mi ò rántí sọ fún yín. Ẹ má bínú." Ó tún ní kí n má jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ kọjá ìdajì.

Mo lu ihò náà.

Wẹ́sìdé, 1 oṣù kẹwàá

Ọlidé. Mo ní kí Màámi wá jókòó. Wọ́n wá, wọ́n gbé táwẹ̀lì lé orúnkún.

Ìgbà mẹ́wàá ni mo pa pọ́ǹpù. Ìgbà mẹ́wàá ni omi sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, tó fọn fùú nínú ihò kékeré yẹn, tó sì dúró. Táǹkì ìsàlẹ̀ ò kún rárá, ó ku ìka mẹ́ta nígbà gbogbo. Lẹ́yìn ìkẹwàá, Màámi fi táwẹ̀lì nu ojú ara wọn, wọ́n sì lọ wo ọbẹ̀ wọn lórí iná.

Sọ́ńdè, 5

Ariwo wàyí. Omi tó ń já bọ́ sínú táǹkì ìsàlẹ̀.

Màámi ní: "Ó ń dún bí ẹni tó ń tọ̀ sínú garawa."

Lóòótọ́ ni. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fa páìpù náà gùn kí ẹnu rẹ̀ lè wọ abẹ́ omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé afẹ́fẹ́ mì gùlùgùlù. Mo fi kọ́ọ̀kì bíi ti ẹ̀rọ omi sí i láàárín, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀ títí tí páìpù fi kún fún omi nìkan, tí kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́. Mo fi páìpù kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá ìdọ̀tí á dí àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan. Mo gbé pọ́ǹpù lé rọ́bà tó nípọn, torí ẹ̀gbẹ́ táǹkì ìsàlẹ̀ ló jókòó sí, ó sì máa ń gbọn pákó.

Lẹ́yìn ìrun àsáárì, Màámi tẹ́ etí sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Mo ṣì ń gbọ́ nǹkan."

"Fíríìjì yín nìyẹn, Màámi."

Wọ́n lọ pa fíríìjì. Wọ́n padà wá tẹ́ etí. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan. Wọ́n lọ tan fíríìjì. Mo jẹ ìrẹsì àwo méjì.

Wẹ́sìdé, 15

Ooru. Omi gbóná dé ọgbọ̀n. Mo so fáànù kékeré sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ̀kalẹ̀ sí méjìdínlọ́gbọ̀n. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń bu omi tí kò níyọ̀ kún un, torí omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Mo yẹ amóníà wò, májèlé inú omi, èyí tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìtọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bàámi kọ oúnjẹ ọ̀sán.

Túsìdé, 21

Omi gbó. Purity fúnra rẹ̀ gbé ẹja méjì wá nínú ọ̀rá, ó fi ọ̀rá náà lé ojú omi fún ìdajì wákàtí kí ara wọn lè mọ ibi tí wọ́n dé. Wọ́n pupa bí ọsàn, wọ́n ní ọ̀já funfun mẹ́ta. Bí a ṣe tú wọn sílẹ̀ báyìí, wọ́n sá wọ ẹ̀yìn òkúta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀kan yọ imú.

Màámi gbé àga tiwọn súnmọ́ ọn. "Sùbùánálláàhì," wọ́n ní, jẹ́jẹ́. Wọn ò dìde títí tí wọ́n fi pe ìrun mágàríbà.

Mo yí àga Bàámi díẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Mo ní, "Bàámi, ẹ wò ó. Ẹja òkun." Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń wo kàlẹ́ńdà lára ògiri. Wọ́n dijú.

Purity rí mi. Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n ní sùúrù. Mo ní mo ní i. Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ sínú àpótí yẹn. Ìdí tí mo fi ṣe é wà lórí àga, ó dijú.

Fúráìdé, 24

Hóró afẹ́fẹ́ tíntìntín ń rìn káàkiri inú omi, bí eruku nínú ìtànṣán oòrùn. Purity ní tuntun ni táǹkì, ó máa lọ.

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí apá òsì, apá kọ́bọ́ọ̀dù. Màámi bẹ̀rù pé wọ́n máa ṣubú, wọ́n fi ìrọ̀rí tì wọ́n. Bàámi fi ọwọ́ òsì ti ìrọ̀rí náà jù sílẹ̀, wọ́n tún tẹ̀. Ojú ní dídì. Lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Mo bẹ̀rù pé rọpárọsẹ̀ fẹ́ tún padà wá. Mo pe dókítà. Ó ní tí ojú ò bá wọ́, tí ọwọ́ òsì ṣì lágbára, kí n máa ṣọ́ wọn, kí n gbé wọn wá ní Mọ́ńdè.

Sátidé, 25

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀. Mò ń nu dígí. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ó hán bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

"Afẹ́fẹ́."

Mo yípadà. Bàámi ń wò mí. Mo rò pé ooru ló mú wọn, mo sáré tan fáànù òkè. Wọ́n mi orí. Inú ń bí wọn.

"Afẹ́fẹ́... ń wọ̀ ọ́."

"Kí ló ń wọ̀, Bàámi?"

Wọ́n na ọwọ́ òsì sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí inú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo páìpù, wọ́n wo táǹkì ìsàlẹ̀, wọ́n wo pọ́ǹpù, ojú wọn ń rìn láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì bí ẹni ń kàwé. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí ibi kan: ibi tí páìpù ti wọ ẹnu pọ́ǹpù.

Mo fọwọ́ kan kílíìpù tó so ó. Ó ń mì. Mo mú súkúrúdíráfà, mo yí i, kò tó ìdajì yíyí. Ohùn kan dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń dún tẹ́lẹ̀ títí ó fi dákẹ́: ìró síì tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Èmi, Màámi, Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, a ti tẹ́tí sí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Bàámi fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní.

Kí wákàtí kan tó pé, hóró afẹ́fẹ́ ti tán, omi ti mọ́ tónítóní. Mo pe Purity. Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un.

"Pọ́ǹpù yẹn ìbá jóná kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ta ló gbọ́ ọ?"

"Bàámi ni."

"Ṣé wọ́n ti sin ẹja rí ni?"

"Rárá. Ẹ́ńjìnnì ni."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn lẹ́yìn ìyẹn, mo sì rí àṣìṣe mi. Mo rò pé òkun ni wọ́n ń ṣàárò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni Bàámi ti ṣiṣẹ́, ibi tí kò ní fèrèsé. Fún ọgbọ̀n ọdún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí òkun ju èmi tí mo ń kọ́ni ní Sùúrùlérè lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo rò pé wọ́n ń dijú sí wa, wọ́n ń tẹ́tí ni.

Sọ́ńdè, 26

Ìjà wà nílé. Bàámi fẹ́ kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí. Màámi ń tì í. Tí wọ́n bá yí ẹ̀yìn, Bàámi á fi ẹsẹ̀ òsì wọ́ ọ ṣí.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Rárá."

"Ẹ wo wáyà níta gbangba."

"Rárá."

Màámi wọ inú kíṣìnì lọ. Mo tẹ̀lé wọn láti lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lójú wọn.

"Ó ti tó oṣù méje," wọ́n ní, "tí wọ́n ti bá mi jiyàn gbẹ̀yìn."

Mọ́ńdè, 27

Dókítà ní ara le. Ó ní kí a jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, kí a kàn fi ìrọ̀rí sí ilẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún wá. Mo ṣàlàyé ìjà náà fún wọn. Wọ́n jókòó sí àga àlejò, wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi, wọ́n tún wò ó.

"Ẹ̀gbẹ́," wọ́n ní. "Kí a dé iwájú pa pátápátá. Kí a ṣí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí Bàbá. Ẹni tó bá jókòó síbí ò ní rí nǹkan kan."

Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn máa wà. Bàámi ní, "Ga jù." Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. "Ga jù." Wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀, títí ó fi bá ọwọ́ òsì Bàámi mu lórí àga.

"Ọ̀gá mi nìyí," Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún ní, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi kí wọ́n tó máa lọ.

Tọ́sìdé, 30

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ti parí. Láti àga àlejò, ẹja nìkan. Láti àga Bàámi, ohun gbogbo.

Sọ́ńdè, 2 oṣù kọkànlá

Obìnrin mẹ́tàlélógún. Màámi ti ń sun tùràrí sí pálọ̀ láti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń dúró níwájú dígí. Alhaja Mujeebah, olórí wọn, béèrè ohun tí ẹja náà ń jẹ. Òmíràn béèrè bóyá wọ́n ṣeé dín. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ń dún. Mò ń gbé omi kiri, mò ń ka orí wọn, mò ń gbàdúrà tèmi lọ́tọ̀.

Nígbà tí wọ́n parí àsàlátù, Alhaja Mujeebah dìde láti kí Bàámi. Mi ò ro ti ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí Bàámi gbọ́dọ̀ rìn yí kọ́bọ́ọ̀dù ká. Wọ́n yí i ká, wọ́n sì dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wà ní ṣíṣí gbagada. Wáyà, páìpù, ìfófòó àwọ̀ ilẹ̀ nínú ife, gbogbo rẹ̀.

"Kí nìyí, Alájì?"

Mo wo Màámi. Tíréè wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò mì.

Bàámi gbé ìka sókè. "Pọ́ǹpù," wọ́n ní. Wọ́n mí. "Ó ń fa... omi. Ó ń gbé e. Lọ sókè."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí. Ó ń họ... ó ń họ ọ́."

Alhaja Mujeebah ò gbọ́ ohùn Bàámi láti oṣù kẹta. Wọ́n fọwọ́ bo àyà. Wọ́n pe àwọn yòókù. Nígbà tí mo fi mọ̀, obìnrin bíi mẹ́wàá ti wà ní ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kékeré yẹn, tí wọ́n ń tọ́ka, tí Bàámi ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí òógùn ń ṣàn lójú wọn.

Màámi gbé tíréè kalẹ̀. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"Ọkọ mi ló ń bójú tó o," wọ́n ní.

Tọ́sìdé, 6

Ọsibítù. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá lónìí. Obìnrin tó ń kọ́ wọn gba fọ́tò inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi.

Sátidé, 15

Ọyẹ́ ti ń yọjú díẹ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹja méjèèjì ti gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kan, wọn ò jẹ́ kí ọwọ́ mi kọjá níbẹ̀.

Mo ní kí n tú pọ́ǹpù, kí n fọ iyọ̀ tó ti gan mọ́ ọn. Bàámi fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, wọ́n jókòó tì mí. Mo mú súkúrúdíráfà.

"Iná," wọ́n ní.

Mo ti gbàgbé láti pa á. Mo pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì.

"Rọra."

Mo rọra. Nọ́ọ̀tì kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sí abẹ́ àga. Bàámi pòṣé, èyí tó gùn, tó ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wá. Mo wá a títí, mo rí i, mo tò wọ́n sórí ilẹ̀. Wọ́n ní mi ò tò wọ́n dáadáa. Kí n tò wọ́n bí mo ṣe tú wọn. Mo tún wọn tò. Mo fi ọtí kíkan fọ inú rẹ̀, mo fi omi ṣàn án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dè é padà. Mo de èkejì kí n tó de àkọ́kọ́.

"Jameelah."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù kẹta. Mi ò gbójú sókè, kí ó má baà bàjẹ́.

"Ta ló kọ́ ẹ... níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

Wọ́n ro ó. Mo gbọ́ bí Màámi ṣe dá ọwọ́ dúró nínú kíṣìnì.

"Irọ́," wọ́n ní. "Tú u. Tún un ṣe."

Mo tú u, mo tún un ṣe.